Ẹ kọ́lé ìsinmi sínú igbó, ṣùgbọ́n ẹ má lé igbó lọ

Màmá kan tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún wá yẹ ìfúnpá wọn wò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo wò ó, ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ní, "Màmá, kí ló wà lọ́kàn yín?" Wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà ní London fẹ́ kọ́lé sínú oko kòkó bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Oǹdó, kí gbogbo ẹbí lè máa lọ sinmi níbẹ̀ nígbà Kérésì. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ó ti sanwó fún katapílà tí yóò wá hú gbogbo igi ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá ní, "Nọ́ọ̀sì, abẹ́ ìrókò yẹn ni bàbá wọn ti máa ń sinmi. Odò tí abúlé ń mu wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọmọ ni, kí ni mo fẹ́ wí?"

Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà, mo sì pè é. Ohun tí mo bá a sọ ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Àkọ́kọ́ ni igi. Ibi tí ilé máa jókòó sí àti ojú ọ̀nà nìkan ni kí ẹ ṣán. Igi yòókù ni yóò máa ṣíji bo ilé kí ó lè tutù. Gbòǹgbò wọn ló di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ sínú odò. Igi tó bá ti gbẹ, tàbí tó dẹ̀gbẹ́ sí ibi ilé, ẹ gé e, nítorí ìjì kì í sọ tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni ìpìlẹ̀. Bí bíríkìlà bá gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ yíká, á gé gbòǹgbò igi, igi náà lè wó lé ilé lọ́jọ́ iwájú. Ẹ gbé ilé náà lé orí òpó kọnkéré, bí àwọn ará Ganvié ní ilẹ̀ Benin ti ń gbé tiwọn lé òpó lórí omi. Ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta tó. Atẹ́gùn á máa gba abẹ́ ilé kọjá, ẹ ó sì tètè rí ikán bó bá ń gun òpó. Àmọ́ ẹ má kó igi ìdáná síbẹ̀, nítorí ejò àti èkúté. Kí àtẹ̀gùn ilé má ga jù, kí ó sì ní ohun tí àgbàlagbà lè fọwọ́ dì mú.

Ẹ̀kẹta ni omi. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga àti odò, ó kéré tán, 30 mítà, kí ó sì wà níbi tó rẹlẹ̀ ju kànga lọ.

Ẹ̀kẹrin ni èkúté. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lásà ti máa ń pọ̀ jù. Ẹ kó gàrí àti oúnjẹ gbogbo sínú ohun tó ní ìdérí tó le. Ibà tí oògùn ibà kò bá ràn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀fọn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo fèrèsé, kí ẹ sì tún sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kò ní okun tí ara tiwa fi ń bá ibà jà. Kí wọ́n rí dókítà ọ̀hún kí wọ́n tó gbéra, fún oògùn tó ń dènà ibà àti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Paríparí rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn. Kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ ilé tàbí ní bàrándà. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé ju 20 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Sólà ló dára jù nínú igbó.

Ọmọ náà dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo rò pé igbó tí wọ́n bá kọ́kọ́ hú mọ́lẹ̀ ló ń dà bí ilé ni." Lọ́jọ́ Sátidé, katapílà kò wá. Àwọn aládàá mẹ́rin ló wá. Ìrókò ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sólà nìkan la ṣì ń fà.

Nígbà tí màmá padà wá, ìfúnpá wọn ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrókò nìkan. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbàgbé tiyín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.