Ta Ni Ó Ní A Kò Lè Fi Yorùbá Ka Dáàtì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa máa ń sọ tí inú mi kì í dùn sí: pé èdè Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún òwe, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a mú. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣọṣẹ́ jù kì í ṣe iléèwé, ibi eré ni. Ẹ lọ sí ilé ọtí tí wọ́n ti ń ta dáàtì ní Ọbaléńdé. Yorùbá ni wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ ara wọn, òun náà ni wọ́n fi ń kan sáárá sí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ọfà bá ti gún pátákó, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí ó di ṣọ́ọ̀kì mú yóò fi ké iye rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ìdí. Yóò ní òǹkà Yorùbá le, àyọkúrò inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Irọ́ ni. N kò mọ eré òyìnbó kan tí ó bá òǹkà wa mu tó dáàtì.

Ẹ wo pátákó náà. Ọ̀nà ogún ni wọ́n pín in sí. Ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà tiwa náà, òǹkà tí àwọn baba wa fi ka owó ẹyọ, tí ogójì ẹyọ jẹ́ okùn kan, tí 20,000 sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Bí ọfà bá bọ́ sí òrùka ẹ̀bá pátákó, iye náà di ìlọ́po méjì; bí ó bá bọ́ sí òrùka inú, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ọgọ́ta lẹ́ẹ̀mẹta ni ogún mẹ́sàn-án, ọgọ́sàn-án, iye tí ó ga jù tí ọfà mẹ́ta lè jẹ. Mọ́kàndínlógún ńkọ́? Ogún tí ó dín kan ni. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni ọgọ́ta tí ó dín mẹ́ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èdè ti bá wa ṣírò rẹ̀ tán. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó rọrùn bẹ́ẹ̀: ìlọ́po mẹ́ta mẹ́rìndínlógún ń fẹ́ ìrònú, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú.

Ní ti àyọkúrò, àyọkúrò gan-an ni dáàtì. Láti 501 ni wọ́n ti ń yọ ọ́ títí yóò fi tán. Bí ó bá ku mọ́kànlélógóje, tí ènìyàn sì jẹ ọgọ́ta, ogún mẹ́ta kúrò nínú ogún méje, ó ku ogún mẹ́rin àti ẹyọ kan: mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ṣé ẹni tí ń pe márùndínlọ́gbọ̀n láti kékeré ni àyọkúrò yóò dẹ́rù bà?

Àwọn kan yóò ní Ọbaléńdé kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kì í ṣe ojúsàájú. Iye tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ kò ní èdè, gbogbo ojú ni ó lè kà á. Ẹnu ni mo ń bá wí. Gbólóhùn Yorùbá sì ni orúkọ àdúgbò náà, "Ọba lé wa dé ibí", bẹ́ẹ̀ àwọn Hausa wà lára àwọn tí ìjọba òyìnbó lé débẹ̀.

Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n iléèwé nìkan kò tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń há òǹkà sórí nítorí ìdánwò, wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ kí èsì ìdánwò tó jáde. Òǹkà tí a kò fi ná ọjà, tí a kò fi ṣeré, òkú òǹkà ni. Kí ẹni tí ó di ṣọ́ọ̀kì mú la ẹnu, kí ó ké ọgọ́sàn-án, kí ilé ọtí gbọ́.