Wọ́n ní igi ò yẹ ọwọ́ ẹ̀, ló bá gbá bọ́ọ̀lù 52 kọjá ògiri! Aaron Judge àti ọdún àkọ́kọ́ tó da Amẹ́ríkà rú

Nọ́ńbà kan wà nínú tẹlifóònù Aaron Judge lọ́dún 2017. Kì í ṣe nọ́ńbà obìnrin o, kì í sì í ṣe ti báńkì. 179 ni. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí fóònù ọ̀hún ló ń rí i. Nọ́ńbà ìtìjú ni, ọwọ́ ara ẹ̀ ló sì fi kọ ọ́ síbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ eré bésíbọ́ọ̀lù díẹ̀, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé gẹ̀gẹ̀ bí àwa ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Kò le. Ẹnì kan dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù yẹn ò ju ọsàn lọ, ó le bíi kókó igi, eré tó sì ń bá bọ̀ ju ti mọ́tò tó ń sáré àsápajúdé ní títì márosẹ̀. Ẹnì kejì gbé igi dání, ó ń dúró dè é. Bó bá gbá a dáadáa, kó sáré. Bó bá tàsé ẹ̀ẹ̀mẹta, kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n bó bá gbá a tó fi fò kọjá ògiri tó yí pápá ká láì balẹ̀, ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́, ṣe ni yóò rọra sáré yí pápá po bí ọkọ ìyàwó, tí èrò á máa hó. Hóòmù-rọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe ìyẹn. Owó àti òkìkí eré náà, inú hóòmù-rọ́ọ̀nù ló pọ̀ sí.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ Yankees ti ìlú New York kọ́kọ́ gbé Judge jáde. Àkọ́gbá rẹ̀, ó kọjá ògiri! Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Tyler Austin, tí òun náà ń gbá fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ló gbá tiẹ̀ kọjá ògiri kété ṣáájú ẹ̀. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn eré ọ̀hún, pé kí ọmọ tuntun méjì nínú ẹgbẹ́ kan náà jọ fi hóòmù-rọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú New York dùn dẹ́yìn.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Nínú ìgbà 84 tí wọ́n kà sí Judge lọ́rùn lọ́dún náà, 15 péré ló gbá bó ṣe yẹ. Ìgbà 42, ìyẹn ìdajì gééré, ló tàsé ẹ̀ẹ̀mẹta tó sì padà lọ jókòó. Bí wọ́n bá wá ṣírò 15 nínú 84 yẹn bíi pé ẹgbẹ̀rún ìgbà ló gbé igi, 179 ló máa jẹ́. Nígbà tó di àárín oṣù kẹsàn-án, ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fà, ọdún sì parí fún un síbẹ̀. Àwọn kan ti ń wí pé ó ti ga jù, pé ọwọ́ rẹ̀ ti gùn jù, pé kò sí bí igi ṣe lè tètè yí dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà.

Gíga tí wọ́n ń wí yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì méje ni ọkùnrin náà. Kílò 128 ni ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kúkú gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì àti ààbọ̀ léra, ẹ ti rí Judge.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Linden, ní ìpínlẹ̀ California, ló dàgbà sí. Àwọn tó bí i kọ́ ló tọ́ ọ. Wọ́n bí i lóṣù kẹrin ọdún 1992, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ni tọkọtaya kan, Wayne àti Patty Judge, gbà á ṣọmọ. Tíṣà ni àwọn méjèèjì. Òyìnbó ni wọ́n, ọmọ náà sì ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú lára, nítorí náà kò pẹ́ tó fi fura. Ìgbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ló bi wọ́n pé kí ló dé tí òun ò jọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n sọ òótọ́ fún un. Kò bá wọn jà, kò sì torí ẹ̀ sá nílé. Àwọn yẹn náà ló ń pè ní ìyá àti bàbá òun.

Lọ́dún 2010, bó ṣe ń parí ilé-ìwé girama, ẹgbẹ́ Oakland fẹ́ mú un. Ilé ní rárá, ìwé ni kó lọ kà ná. Tíṣà kúkú ni wọ́n! Ó lọ sí yunifásítì Fresno State. Nígbà tí Yankees mú un lọ́dún 2013, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ kà fún un. Ẹ ò rí i pé ìwé yẹn ò pa owó kankan lára.

Nígbà tí ọdún 2017 fi máa bẹ̀rẹ̀, kò dá a lójú pé ó ní ipò. Òun àti Aaron Hicks ni wọ́n jọ ń du ààyè kan, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni kóòṣì tó sọ pé Judge ló gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan wá yí padà. Oṣù kẹrin, ó ń gbá. Oṣù karùn-ún, ó ń gbá. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ó gbá ọ̀kan tó lọ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 495. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe jìnnà tó, kó lọ dúró sí ojú ilé kan ní pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kó wo ojú ilé kejì. Bọ́ọ̀lù Judge á kọjá ibẹ̀, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì pápá mìíràn.

Orúkọ rẹ̀, Judge, Adájọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Yankees ò jẹ́ kó tutù. Wọ́n fi pákó ya ààyè kékeré kan sọ́tọ̀ fún àwọn òǹwòran lẹ́yìn ibi tó máa ń dúró sí, bíi kóòtù, wọ́n wọ èèyàn 18 ní aṣọ dúdú bíi ti adájọ́, wọ́n fi òòlù onífóòmù lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ojúlówó adájọ́ lọ jókòó síbẹ̀: Sonia Sotomayor, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ọmọ ìlú New York.

Lọ́jọ́ keje oṣù keje, ó tún gbá ọ̀kan kọjá ògiri, ọgbọ̀n ló pé lọ́jọ́ náà. Joe DiMaggio, ẹni tí àwọn àgbà New York ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ búra, 29 ló gbá lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1936, kò sì sí ọmọ tuntun Yankees tó kọjá á rí láti 81 ọdún. Judge kọjá á nígbà tí ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ó lọ gba ife ìdíje àwọn agbá-hóòmù-rọ́ọ̀nù nílùú Miami.

Bí wọ́n ṣe ń yìn ín báyìí ni àìsàn ọdún tó kọjá tún yọjú. Odidi eré 37 tẹ̀léra tẹ̀léra, láti ọjọ́ kẹjọ oṣù keje títí di ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, kò sí ọjọ́ kan tí kò tàsé ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo oṣù kẹjọ, mẹ́ta péré ló kọjá ògiri. Èjìká òsì ń dùn ún, kò fẹ́ kí wọ́n fi ṣe àwáwí fún òun. Nígbà tí ìdíje parí ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún èjìká náà, lóṣù kọkànlá. Àwọn tó ti pa ẹnu mọ́ tún la ẹnu: ṣebí àwọn ti wí.

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ télọ̀ á mọ bó ṣe máa ń rí. Aṣọ oníbàárà tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ gé bà jẹ́, ẹlòmíràn á lọ rì í mọ́ ilẹ̀ kí ojú má bàa ti òun. Judge ò rì tiẹ̀. Inú fóònù ló kọ́ ọ sí.

Oṣù kẹsàn-án wọlé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbá kọjá ògiri nínú oṣù kan ṣoṣo. Nígbà tó di ọjọ́ 25, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Kansas City, ó gbá ẹlẹ́ẹ̀kọkàndínláàádọ́ta. Ó dọ́gba pẹ̀lú Mark McGwire nìyẹn, tó ti di ipò yẹn mú fún ọgbọ̀n ọdún. Kí èrò tó jókòó tán, ó tún gbá àádọ́ta. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi parí, ó di 52.

Ìtàn McGwire yẹn sì dùn ún gbọ́. Lọ́dún 1987, ẹgbẹ́ Oakland ló ń gbá fún, ọmọ tuntun ni òun náà. Títí di ìgbà yẹn, 38 ni ọmọ tuntun tó gbá jù tíì gbá: Wally Berger lọ́dún 1930, Frank Robinson lọ́dún 1956. McGwire gbá 49. Ó ku eré kan ṣoṣo kí ìdíje parí, ó ku ẹyọ kan kó pé 50. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ń rọbí àkọ́bí wọn. McGwire fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó gba ilé ìwòsàn lọ, wọ́n bí Matthew. Kò gbá eré náà. Àwọn ìyá tó ń ka èyí á sọ ẹni tó ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn, kò tún nílò àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ McGwire ní ẹ̀gún nínú ṣá. Lóṣù kìíní ọdún 2010, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tó ń mú iṣan le. Ó ní ìparí ọdún 1989 sí 1990 ni òun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìyẹn ni pé 49 ti ọdún 1987 ti wà nílẹ̀ kó tó dé ìdí ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbà gbọ́ gbà á gbọ́.

Judge rò pé ipò náà á pẹ́ lọ́wọ́ òun? Ọdún méjì péré ni. Lọ́dún 2019, Pete Alonso, ọmọ tuntun ẹgbẹ́ Mets, nínú ìlú New York kan náà, gbá 53. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ló gbá èyí tó fi kọjá, omijé sì bọ́ lójú ẹ̀ lórí pápá. Owó ọdún Alonso nígbà yẹn, 555,000 dọ́là. Owó tó gbà níbi ìdíje agbá-hóòmù-rọ́ọ̀nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mílíọ̀nù kan dọ́là. Títí ọdún 2025 fi parí, ọmọ tuntun kankan ò kọjá 53 yẹn.

Ta ló wá ju ara wọn lọ? Ẹni tó bá ń tajà mọ̀ pé náírà mẹ́wàá ọdún 1980 kì í ṣe ẹgbẹ́ náírà mẹ́wàá òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni hóòmù-rọ́ọ̀nù. Lọ́dún 1987, gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀ gbá 4,458. Lọ́dún Judge, ó di 6,105. Lọ́dún Alonso, ó gbéra sókè dé 6,776, kò sì sí ọdún tí wọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀ rí. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ 26 ni wọ́n nígbà McGwire, wọ́n ti di 30 nígbà àwọn méjì yòókù, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́: bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò láwọn ọdún yẹn ń la afẹ́fẹ́ kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjà ti wọ́n nígbà Alonso. Bí wọ́n bá fi owó ìgbà náà wọ̀n ọ́n, 49 McGwire wúwo ju 53 Alonso lọ.

Ti Judge ní ohun kan tí ti àwọn méjèèjì ò ní. Ìgbà 127 ni àwọn ajubọ́ọ̀lù sá fún un, tí wọ́n jù ú síbi tí igi ò lè dé, tí wọ́n fi jẹ́ kó rìn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tuntun tí wọ́n tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ kò sí. Ted Williams ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, 107, lọ́dún 1939. Lọ́dún kan náà, ìgbà 208 ni Judge tàsé tó padà lọ jókòó, ọmọ tuntun tó tàsé tó bẹ́ẹ̀ náà ò sí rí. Nítorí náà, ẹni tó bá wo eré ẹ̀ lọ́dún yẹn, bóyá ó hó tàbí ó mí kanlẹ̀, kò sí àárín. Bí wọ́n bá ní kéèyàn yan ọdún kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti jókòó wò, ti Judge ni.

Gbogbo àwọn oníwèé ìròyìn tó dìbò ló mú un ní ọmọ tuntun tó dára jù. Àmì ẹ̀yẹ àgbà, ti ẹni tó dára jù láàárín ọ̀dọ́ àti àgbà, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: José Altuve ti ẹgbẹ́ Houston, ọkùnrin kúkúrú tí kò ga kọjá àyà Judge, ni wọ́n fún. Judge gbé fọ́tò sórí Íńsítágíráàmù, ó kí i. Houston yẹn náà ló tún lé Yankees jáde kété kí wọ́n tó dé ìdíje àṣekágbá lọ́dún ọ̀hún.

Àṣírí wá tú lóṣù kìíní ọdún 2020. Àwọn aláṣẹ eré náà ṣe ìwádìí, wọ́n ní Houston fi kámẹ́rà yọ́ àmì tí àwọn alátakò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ wò lọ́dún 2017, wọ́n á wá máa lu agolo ìdalẹ̀nù kí ẹni tó gbé igi lè mọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé wọn, kóòṣì àti ọ̀gá ẹgbẹ́ sì pàdánù iṣẹ́. Wọn ò fìyà jẹ agbábọ́ọ̀lù kankan, wọn ò sì gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Altuve. Láàárín oṣù yẹn ni Judge wọ Íńsítágíráàmù rẹ̀, ó pa fọ́tò ìkíni náà rẹ́.