Bí Ẹ̀rọ Bá Gbàgbé, Ìwé Á Rántí

Ìyá ẹlẹ́kọ kan gbé fóònù wá sí ìsọ̀ atúnfóònùṣe kan l'Òjóò, n'Ìbàdàn. Àwòrán ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló wà nínú mẹ́mórì káàdì rẹ̀, kò sì ṣí mọ́.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀màtì ẹ̀ o. Ẹ má sì ya fọ́tò míì sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ da ohun tó kù níbẹ̀ kọ síbòmíì."

"Kí ló fà á, ọmọ mi?"

"Bóyá bátìrì kú nígbà tó ń tọ́jú àwòrán lọ́wọ́, tàbí wọ́n yọ ọ́ láìpa fóònù. Ayédèrú káàdì náà sì pọ̀ lọ́jà."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ṣé bí ìbò wa náà ṣe lè pòórá nìyẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ní November 2000, ní Volusia County, ní Florida l'Amẹ́ríkà, mẹ́mórì káàdì ibùdó ìdìbò kan ṣàdédé yọ ìbò 16,022 kúrò nínú ìbò Al Gore. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó dìbò níbẹ̀ kò tó 600! Kí ló kó wọn yọ? Ìwé ìbò wà nílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ kà á.

Nílé ńkọ́? BVAS tiwa kì í ka ìbò. Ìka àti ojú olùdìbò ló ń yẹ̀ wò, ó sì ń ya fọ́tò ìwé èsì ránṣẹ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní July 16, 2022, iye èèyàn tí àkọsílẹ̀ BVAS kan gbé jáde kò bá ti èkejì mu. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kó tó parí ní May 9, 2023.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ má tíì lọ sílé tẹ́ ẹ bá dìbò tán. Ẹ dúró kí wọ́n kà á lójú yín, kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A, kí wọ́n sì lẹ EC60E síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè kú, ẹni tó rí i ò ní í gbàgbé.

Àwòrán díẹ̀ ni ọmọkùnrin náà rí yọ. Ìyá ẹlẹ́kọ rẹ́rìn-ín músẹ́:

"Kò burú. Mo ti tẹ ìyókù sórí ìwé, ó wà nínú àpótí mi."

"Áà, Màmá, ẹ gbọ́n jù mí lọ!"