Owó tí ayálégbé san kó tó fọwọ́ síwèé

Ilé tó dára kì í pẹ́ nílẹ̀ l'Ékòó. Ejẹ́ǹtì á mú ayálégbé lọ wo yàrá àti pálọ̀ kan ní Àgége lọ́sàn-án, á ní àwọn mìíràn ti wá wò ó láàárọ̀, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fowó sílẹ̀ ló ni ín. Ayálégbé á yọ fóònù, á fowó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò tíì fojú kan onílé, kò sì tíì ka ìwé àdéhùn kankan.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òjò á rọ̀, ayálégbé á rí i pé àgbàrá ń wọlé. Tàbí kí onílé ní òun ti fi kún owó ilé. Bí ayálégbé bá ti ní òun ò ṣe mọ́, wàhálà dé nìyẹn. Ejẹ́ǹtì á ní owó ti dọ́wọ́ onílé, onílé á ní òun ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n á máa fi dòní dọ̀la fún un. Owó tí ì bá fi gba ilé mìíràn ti há, òun náà sì ń sùn nílé ọ̀rẹ́ tòun tọmọ.

Ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tó gba owó kí àdéhùn tó wà ń bá olówó tọ́jú rẹ̀ ni, títí wọn yóò fi fẹnu kò. Bí onílé bá tìtorí ẹnì kan lé àwọn mìíràn padà, tónítọ̀hún wá yẹ̀ ẹ́, kò burú kó yọ díẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó wá gbé gbogbo rẹ̀ mì, ìyẹn ni kò tọ́.

Ẹ wo rìsíìtì tí wọ́n máa ń já fúnni. Orúkọ ejẹ́ǹtì wà lókè, iye owó wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbowó, “owó ilé” péré ni wọ́n kọ. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí orúkọ onílé. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní rìsíìtì owó ilé gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àsìkò tí owó náà kárí. Òfin kan náà ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye ọjọ́ tí owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi padà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham nílùú London rí òfin tó dárúkọ ọjọ́. Láti oṣù kẹfà 2019, owó tí wọ́n fi ń di ilé mú ní England kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ọjọ́ 15 bá pé láìsí àdéhùn, tí kì í ṣe ẹ̀bi ayálégbé, ọjọ́ 7 ni onílé ní láti dá a padà. Bó bá fẹ́ mú un dání, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tówó rẹ̀ há l'Ékòó lè gba ilé-iṣẹ́ ìlàjà ìjọba lọ, ọ̀fẹ́ ni. Bí ìyẹn kò bá yọrí, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ti wà láti 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Kó kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè owó náà, kó sì tọ́jú ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ lórí WhatsApp.

Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Aláùsá, ẹ kọ iye ọjọ́ tí owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi padà sínú òfin, kẹ́ ẹ sì fi ìtanràn tì í lẹ́yìn.