Ẹni Tí A Kò Kà Kì í Ṣe Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Dá

Àwọn kan wà tí inú wọn máa ń dùn bí wọ́n bá ń fi àrùn orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn. Wọ́n ní kí a wo brucellosis, ibà tí ènìyàn ń kó lára màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn. Nínú àfiwé kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, àwọn tí a kọ sílẹ̀ ní Síríà lé ní 1,600 nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ́dọọdún. Ti Mòngólíà lé ní 600. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú, òfìfo ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé òfìfo náà ni kí a máa pè ní àlàáfíà?

Irọ́ gbáà ni! Àgbẹ̀ tí ibà ń gbé ṣubú tí ó ń dìde, tí òógùn ń bò lóru, tí oríkèé ń ro, oògùn ibà ẹ̀fọn ni wọn yóò fún un. A kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí náà a kò rí àrùn. A kò rí i, a kò kọ ọ́. A kò kọ ọ́, wọ́n ní kò sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ wo Málítà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso rẹ̀. Ní 1887, David Bruce rí kòkòrò àrùn yìí lára àwọn ọmọ ogun tí ó kú. Ní 1905, Themistocles Zammit, ọmọ ilẹ̀ náà, fi hàn pé ara ewúrẹ́ ni ó ti ń wá. Ní 1906 a gba wàrà ewúrẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ogun, àrùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín wọn. Àwọn ará ìlú ńkọ́? Wọ́n ń mu wàrà kan náà lọ, ibà sì ń bá wọn fínra. Ó di 1938 kí ilé-iṣẹ́ tí ń fi iná pa kòkòrò inú wàrà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Erékùṣù kan ṣoṣo, ìwọ̀n àrùn méjì!

Ní ilé tiwọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹ màlúù wò, ó pa èyí tí ó lárùn, ó sì sanwó fún olówó ẹran, títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1985. Owó yẹn ṣe pàtàkì, nítorí bí a bá pa ẹran tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, òru ni yóò máa ta èyí tí ó kù.

Ohun tí a ń béèrè nìyí: àyẹ̀wò ní ọjà màlúù àti ní ilé ìpẹran, àyẹ̀wò fún aláìsàn, àti owó fún olówó ẹran. Títí di ìgbà náà, ẹ se wàrà kí ó hó, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán gbé oyún tí ó bàjẹ́ lára ẹran. Nígbà tí aṣojú yín bá sì wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé màlúù mélòó ni a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní agbègbè yín lọ́dún tí ó kọjá.