Ìfẹ̀yìntì Ọ̀sán Gangan

Ìwé kan tún ti ń lọ káàkiri nínú ilé iṣẹ́ àti ní gáréèjì. Wọ́n pè é ní ìwé ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú ìfẹ́ inú ẹni. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i yóò gba owó gọbọi, yóò sì padà sí ìlú rẹ̀ lọ sinmi. Àwọn kan nínú wa ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. A fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan: ìfẹ́ inú ta ni?

Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ṣe ní 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí ó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, kí ó sì sapá láti bá wa dúnàádúrà lórí owó tí yóò san. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fọwọ́ sí i pé ìwọ lo fẹ́ lọ, a kò lé ẹnikẹ́ni nìyẹn. Kí ni ẹgbẹ́ fẹ́ bá wọn jà lé lórí?

Ẹ wo owó náà pẹ̀lú. Òfin péńṣàn ọdún 2014 sọ pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó pé ọmọ 50 ọdún yóò dúró oṣù 4 láìrí iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n tó fún un ní ohun tí kò ju 25 nínú 100 owó tó wà lórúkọ rẹ̀. Bí ọmọ ọdún 46 bá ní ₦4,000,000 níbẹ̀, ₦1,000,000 ni yóò rí. Ìyókù di ọdún 4 sí i. Ti gírátúítì ńkọ́? Òfin náà kò fi í ṣe dandan fún kọ́ńpìnnì. Ohun tó bá wà nínú àdéhùn wa la lè gbà.

Ọ̀rẹ́ wa kan, awakọ̀ tí a jọ wà ní gáréèjì kan náà, fọwọ́ sí irú ìwé yìí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 47. Ó ti kọ́ ilé sí ìlú rẹ̀, yàrá mẹ́jọ, kí àwọn ẹlẹ́gàn lè panu mọ́. Fún ogún ọdún, kò sùn nínú ilé náà àfi nígbà ọdún Iléyá. Ìgbà tó kó dé ibẹ̀ ló tó mọ̀ pé kànga rẹ̀ máa ń gbẹ lẹ́yìn Kérésìmesì, pé wákàtí kan lórí ọ̀kadà ni dókítà wà, pé kò sì sí ẹni tí yóò háyà ẹyọ yàrá kan nínú mẹ́jọ. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Múṣin ní òun kò lè fi àwọn oníbàárà òun sílẹ̀. Kò jẹ̀bi o, owó ẹ̀lùbọ́ ló ń san owó ilé ìwé. Ni ìkòkò ọbẹ̀ bá di méjì. Kí ọdún tó yí po, bàbá ti padà sí Èkó, ó ń wa dáńfó olówó, ó ń sùn sí pálọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilé wo? Ilé tí o kò tíì gbé rí kì í ṣe ilé, bíríkì ni. Lo líìfù rẹ níbẹ̀ nígbà òjò, kì í ṣe nígbà ọdún. Bí ara rẹ kò bá gbà á, yàrá méjì ní Ṣàgámù sàn ju yàrá mẹ́jọ tí ó sọ tọkọtaya di àjèjì. Abẹ́òkúta náà wà ńbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń kó èrò láti ibẹ̀ wọ Èkó láti 2021.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kú sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ tàbí títì bá ti ba ara rẹ̀ jẹ́, kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó gba ìwé dókítà, torí òfin péńṣàn ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ẹni tí àìlera lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó òun mọ́ àwọn tó lọ fúnra wọn.

Ẹni tí wọ́n bá ti fún ní ìwé náà, kí ó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa kí ó tó fọwọ́ sí i, kí ó sì mú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ dání.