Àjẹṣẹ́kù Kì í Ṣe Ti Owó Nìkan

Ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Òwú, bọ́tìnì àti sípì ni mo ń tà. Ààrin àwọn aránṣọ ni ìsọ̀ mi wà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a bá fẹ́ palẹ̀ mọ́, mo máa ń rí ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbá jáde lábẹ́ máṣíìnì: ègé àǹkárá, ègé léèsì, ègé aṣọ òkè, àwọn tí ó gùn tó apá àti àwọn tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, a máa tó àpò kan tàbí méjì lójúmọ́. Wọn a kó o dà sí ààtàn, wọn a sì dáná sun ún. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ra àǹkárá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mọ̀ pé owó ni wọ́n ń sun yẹn.

Ní àkókò kan náà ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ ń tò lọ́dọ̀ akọ̀wé, tí a ń béèrè owó-yíyá. A ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé a fẹ́ fi kún ọjà ni. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọjà? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa.

Èmi náà ṣe é rí. Lọ́dún kan, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, mo ní òwú ni mo fẹ́ fi rà. Mo ra òwú díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná wẹ́wẹ́ tí ń ṣẹ́jú, òdòdó onírọ́bà, tìmùtìmù tuntun fún àga pálọ̀ àti ohun ìṣeré àwọn ọmọ ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú owó náà. Iná wẹ́wẹ́ yẹn kò rí ọdún tuntun kí ó tó kú. Mọ́tò tí mo rà fún ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Gbèsè nìkan ni kò kú. Oṣù Kẹjọ ni mo tó san án tán.

Kì í ṣe èlé tí mo san ni ó dùn mí jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún mi. Ní oṣù Karùn-ún, òun náà wá yá owó láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, nítorí pé gbèsè tí ó wà lọ́rùn mi kò tíì tán, owó àfipamọ́ tirẹ̀ ni ó sì dúró fún un. Kò bá mi jà. Ó kàn wò mí ni. Ojú tí ó fi wò mí lọ́jọ́ náà, n kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Nítorí iná wẹ́wẹ́ tí ó ti kú ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe jókòó sílé.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo orúkọ tí à ń jẹ́. Òfin tí ìjọba fi dá irú ẹgbẹ́ wa mọ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti 1935, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn àgbà fún un kọ́ni lọ́gbọ́n ju òfin lọ. Àjẹṣẹ́kù ni wọ́n pè é: kí ènìyàn jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù. A ń ṣe é fún owó. A ń dá a lóṣooṣù, akápò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí a kò ṣe é fún aṣọ, fún agolo, fún tákàdá? Èrò tèmi nìyí: ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń da àjákù nù, tí ó sì ń yá owó láti fi ra ohun tí ó lè fi àjákù náà ṣe, kò tíì di Alájẹṣẹ́kù dé inú.

Ẹ má ṣe rò pé ìwà òṣì ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà jẹ́ ohun ìyangàn fún wọn. Ẹ wo aṣọ egúngún ńlá, bí wọ́n ṣe ń to ègé aṣọ lé ara wọn, tí ìdílé sì ń fi tuntun kún un láti ìran dé ìran. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí gbogbo ayé ń yìn. Èkọ láfún ni wọ́n fi ń ya àrà sára rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn ìyá wa fi ń fà á, ìyẹ́ tí àwa ń gbá dànù lẹ́yìn tí a bá pa adìyẹ ọdún tán. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún ń gé àrà sára páànù, wọ́n sì lo páànù pẹlẹbẹ tí ó wà nínú àpótí tíì tí ó ti òkè òkun wá. Inú àpótí tí ó ti ṣófo ni wọ́n ti rí owó. Àwọn baba wa tí ó jẹ́ Mùsùlùmí pẹ̀lú, awọ àgbò Iléyá kì í ṣòfò lọ́wọ́ wọn. Wọn a sá a, wọn a sì máa kírun lórí rẹ̀.

Kí ni a wá lè ṣe? Mo fẹ́ mẹ́nu ba díẹ̀ tí èmi àti àwọn ọmọ mi ti ṣe.

Èkíní ni tìmùtìmù. Ẹ ṣa ègé aṣọ tí ó nípọn bákan náà, ẹ kọ́kọ́ rẹ wọ́n sómi kí aró ọ̀kan má baà ràn mọ́ èkejì nígbà tí ẹ bá rán wọn tán. Ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ gé wọn ní igun mẹ́rin, ínǹṣì 5 lóròó, ínǹṣì 5 níbùú. Mẹ́rìndínlógún ni ẹ nílò fún ojú kan. Ẹ rán wọn pọ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ fi ààbọ̀ ínǹṣì sílẹ̀ létí kọ̀ọ̀kan fún ìrán. Bí ẹ bá rán ẹ̀yìn mọ́ ọn tán, yóò jẹ́ ínǹṣì 16 gééré, ó sì tó fún àga. Àwọn ègé wẹ́wẹ́ tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn ni kí ẹ kì sínú rẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín, yóò wúwo ju fóòmù lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́kọ́ rán ṣì wà lórí àga mi.

Èkejì ni ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ta ni kò ní kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá nílé, àwọn tí wọ́n pín níbi ìsìnkú àti níbi ìgbéyàwó? Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ ká a ní òrùka, kí ẹ fi èkọ láfún lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ki ọ̀kan bọ inú èkejì bí ẹ̀wọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò yí pálọ̀ ká.

Ẹ̀kẹta ni fìtílà ọdún. Ẹ mú agolo mílíìkì, kí ẹ ki iyanrìn tútù sínú rẹ̀ dáadáa kí ó má baà tẹ̀, kí ẹ wá fi ìṣó lu ihò sí i lára ní irú àrà tí ó bá wù yín. Ẹ da iyanrìn náà nù, kí ẹ fi àbẹ́là kúkúrú sínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba àwọn ihò náà jáde bí ìràwọ̀. Lórí àwo ni kí ẹ gbé e lé, níbi tí ó jìnnà sí kọ́tìnì àti sí ẹ̀wọ̀n tákàdá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò sì lè tó.

Ti ohun ìṣeré, àwọn ọmọ kò dúró dè wá. Agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò, àkísà ni wọ́n ń dì ní bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tiwa ni kí a bá wọn tẹ etí agolo náà mọ́lẹ̀ kí ó má gé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rá omi tí a ti mu tán náà kò burú: bí a bá fọ̀ ọ́, tí a gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, a lè hun ún ní àpò ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣófo ni ó ṣeé mú wọlé. Agolo tàbí ìgò oògùn kòkòrò tí a ń fín sí kòkó, ẹ má ṣe fi ṣe ohunkóhun nílé, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bátìrì mọ́tò, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tú u wò, nítorí òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ṣé kí àwọn ọmọ àdúgbò máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni?” Ìdáhùn mi ni pé ọmọ kì í tijú ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àfi bí ìyá rẹ̀ bá kọ́kọ́ tijú rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní kò sí àyè, pé Oṣù Kejìlá ni ọjà ń gbóná jù. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kì í ṣe Oṣù Kejìlá ni a ó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹjọ tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi ni.

Èyí tí ó le jù ni ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ọdún. Ọ̀kan nínú wọn ti bi mí pé, “Ìyá oníbọ́tìnì, ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?” Rárá o. Ẹni tí ó bá ní owó lọ́wọ́, kí ó rà á, kí inú rẹ̀ dùn. Ẹni tí ó ń yá owó láti rà á ni mo ń bá wí. Ẹ bi àwọn olùtajà náà wò: àwọn tí ó rà á láwìn, ìgbà wo ni wọ́n san án? Oníbàárà tí gbèsè ti dì mọ́lẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe ro pé gbogbo ohun tí a bá fi àjákù ṣe ni a ó máa tà. Àkókò pẹ̀lú jẹ́ owó. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ mẹ́ta rán tìmùtìmù kan, kí ó ṣírò ọjọ́ mẹ́ta náà kí ó tó dá iye lé e. Kí a kọ́kọ́ ṣe é fún ilé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wá mọ́ ọn, kí ó gbé e lọ sọ́jà.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ìgbìmọ̀ wa pé kí a jíròrò ní ìpàdé tí ń bọ̀. Èkíní, kí a gbé àpò ńlá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé, kí àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ máa da ègé aṣọ tí ó mọ́ sínú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ sì bù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀kẹta, kí owó-yíyá ọdún ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kí ó kéré, kí a má sì fi orúkọ ọjà bò ó mọ́lẹ̀ mọ́, kí onígbọ̀wọ́ lè mọ ohun tí òun ń tọwọ́ bọ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọdún yóò lọ, ọdún yóò bọ̀. Iléyá kò ní kí a jẹ gbèsè, Kérésìmesì kò sì ní kí a dójú ti onígbọ̀wọ́. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi kò tọ̀nà, ẹ kọ̀wé fèsì nínú ìwé ìròyìn tí ń bọ̀, n ó kà á. Bí ó bá sì tọ̀nà, ẹ bá mi mú ègé aṣọ kan dání wá sípàdé.

Èmi ni ti yín,
Ìyá oníbọ́tìnì, ọmọ ẹgbẹ́ yín.